Kí Owó Tó Kúrò Lọ́wọ́: Àgbéyẹ̀wò Rótárì Tí A Fi Ń Pọ́líìṣì Mọ́tò

Bí ẹ bá dé ọjà irinṣẹ́ pé máṣíìnì pọ́líìṣì lẹ fẹ́ rà, agbára ni ọlọ́jà yóò kọ́kọ́ fi yangàn. Wọ́ọ̀tì 1,200 rèé, èyí jẹ́ 1,400, ìyẹn lè yí nígbà 3,500 ní ìṣẹ́jú kan. Bí nọ́ńbà ṣe ń ga sí i lowó ń ga sí i, oníbàárà á sì gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé èyí tó lágbára jù ló máa ṣiṣẹ́ jù. Ìbéèrè mìíràn ló yẹ kó ṣáájú: báwo ni máṣíìnì yìí ṣe lè rọra yí tó, ṣé yóò sì dúró lórí ìrọra yẹn nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara mọ́tò? Mo ti rí bọ́nẹ́ẹ̀tì tí máṣíìnì alágbára bà jẹ́. N kò tíì rí èyí tí ìrọra bà jẹ́.

Ara ọ̀dà fúnra rẹ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀ yìí wà. Ọ̀dà tí ilé iṣẹ́ fi ń kun mọ́tò òde òní kì í ṣe ìpele kan ṣoṣo. Èyí tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, àǹdákóòtù tẹ̀ lé e, àwọ̀ mọ́tò tẹ̀ lé ìyẹn, kí wọ́n tó wá fi kílíà bo gbogbo rẹ̀. Lápapọ̀, ìnípọn wọn sábà máa ń wà láàárín máíkírọ́ọ̀nù 100 sí 180, máíkírọ́ọ̀nù kan sì jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà. Kílíà nìkan, níbi tí gbogbo dídán mọ́tò wà, sábà máa ń jẹ́ 35 sí 50. Ìdajì ìnípọn tákàdá A4 kan ni, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Inú kílíà yìí náà ni èròjà tí ń gba ọ̀dà lọ́wọ́ oòrùn wà. Bí a bá gé e tínrín jù, oòrùn yóò parí ìyókù: ẹ ó rí i lórí òrùlé mọ́tò bí ó ṣe ń funfun, tí yóò wá máa bó.

Pọ́líìṣì kì í dí ojú ìlà, gígé ló ń gé. Ó ń gé kílíà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ojú rẹ̀ yóò fi dé ìsàlẹ̀ ìlà tó wà lára rẹ̀, ìgbà yẹn ni ìlà náà tó pòórá. Ohun tí a bá gé kò tún padà. Nítorí náà, ẹni tó ń ra máṣíìnì pọ́líìṣì ń ra irinṣẹ́ ìgékúrò, ohun tó sì fẹ́ gé kò nípọn tó nǹkan. Ẹni tó bá ní èyí lọ́kàn kò ní jẹ́ kí nọ́ńbà ńlá tan òun.

Oríṣi máṣíìnì méjì ló wà tí ó yẹ ká yà sọ́tọ̀ kí á tó sọ̀rọ̀ rírà. Rótárì ni èyí tí páàdì rẹ̀ ń yí lójú kan, lórí ọ̀pá kan, tí jíà inú rẹ̀ sì ń fi tipátipá yí i. Bó ṣe wù kí ẹ tẹ̀ ẹ́ tó, kò ní dúró. Nítorí pé ojú ọ̀nà kan náà ni etí páàdì ń gbà lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ń gé kíákíá, ooru sì ń pọ̀ níbẹ̀ kíákíá. Èkejì ni èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní DA. Páàdì tirẹ̀ ń yí, ó sì tún ń mì yípo bó ṣe ń yí, nítorí ọ̀pá rẹ̀ kò sí láàárín gan-an. Mìmì yẹn lè fẹ̀ tó mìlímítà 8, 15, tàbí 21. Bí ẹ bá tẹ DA lásán jù, tàbí tí ẹ gbé e lé igun páànù, yíyí rẹ̀ á dúró, á kàn máa mì. Ìdúró yẹn ló ń gba àwọn tí kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe là.

Ilé iṣẹ́ Rupes ní Ítálì, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1947, ló mú kí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ fi rótárì sílẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé DA onímìmì gbọọrọ jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2010. Kí ìyẹn tó dé, èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé DA kò lágbára tó láti gé ìlà jíjìn, pé ọ̀ṣọ́ ìparí nìkan ló wúlò fún. Ó tún ku ọ̀kan láàárín méjèèjì: Flex XC 3401 VRG láti Jámánì, tí ń mì ní mìlímítà 8 ṣùgbọ́n tí jíà ń fi tipá yí, tí kì í dúró bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́.

Ṣé ó wá yẹ kí ẹnikẹ́ni tún ra rótárì? Ó yẹ, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ènìyàn. Ẹni tó ń fọ mọ́tò, tó sì fẹ́ fi pọ́líìṣì kún iṣẹ́ rẹ̀, DA ni kó kọ́kọ́ rà. N kò ní fi ìyẹn pa mọ́ nínú àgbéyẹ̀wò tí rótárì ni orí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ibi tí rótárì ti jọba ni ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń kun mọ́tò. Nígbà tí pẹ́ńtà bá fín kílíà tán ní gbangba, eruku á bà lé e, ojú rẹ̀ kì í sì í tẹ́jú. Wọ́n á fi sáńpépà 1,500 tàbí 2,000 àti omi ha á títí yóò fi tẹ́, gbogbo rẹ̀ á wá ṣú. Láti mú ojú ìha yẹn kúrò lórí odindi mọ́tò, rótárì pẹ̀lú páàdì irun àgùntàn ló yá jù. Òun náà ló dára fún kílíà líle. Láti ìparí ọdún 2003 ni Mercedes-Benz ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo kílíà kan tí wọ́n fi èròjà wẹ́wẹ́ bíi ti séràmíìkì lé lágbára, ẹni tó bá sì ti pọ́líìṣì Benz ìgbà náà rí mọ̀ pé kò rọrùn láti gé. Toyota àti Honda yàtọ̀: kílíà tiwọn sábà máa ń rọ̀, pàápàá lára mọ́tò dúdú. Ohun tí a fi gé ti Benz tí kò ṣe nǹkan kan, ó lè fi ìlà tuntun sí ti Honda kí ẹ tó ṣẹ́jú.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ìyípo. Ẹ wo máṣíìnì mẹ́ta tí àwọn oníṣẹ́ mọ̀ dáadáa. Makita 9227C ń lọ láti ìyípo 600 dé 3,000 ní ìṣẹ́jú kan. DeWalt DWP849 ń lọ láti 600 dé 3,500. Flex PE 14-2 150, tí agbára rẹ̀ jẹ́ wọ́ọ̀tì 1,400, ń lọ láti 380 dé 2,100 péré. Èyí tí òkè rẹ̀ kéré jù yìí ni àwọn tó mọ iṣẹ́ ọ̀dà ń fi owó ńlá rà. Àwọn tó ṣe é kò ṣàìmọ bí wọ́n ṣe lè mú kó yí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ wà nísàlẹ̀, kò sí lókè. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ́ pọ́líìṣì ká ojú páànù kó má fò káàkiri, 600 tàbí kó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni. Ìgé gidi wà láàárín 1,200 sí 1,500. Nígbà tí ẹ bá ń parí, ẹ óò tún sọ̀kalẹ̀ sí bíi 900 tàbí 1,000. Ó ṣọ̀wọ́n kí iṣẹ́ ọ̀dà kan tó béèrè ju 2,000 lọ. Nítorí náà, máṣíìnì tí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,000, bí irú àwọn kan tó pọ̀ lọ́jà, ti gba ìdajì iṣẹ́ lọ́wọ́ yín kí ẹ tó dé ilé, bí ó tilẹ̀ lè yí dé 3,500.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà lè hàn. Páàdì tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 180, bí ó bá ń yí nígbà 1,500 ní ìṣẹ́jú, etí rẹ̀ ń sáré bíi mítà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fi páàdì mìlímítà 75 rọ́pò rẹ̀ lórí ìyípo kan náà, eré yẹn já wálẹ̀ sí bíi mítà 6. Ìdí rèé tí iye ìyípo nìkan kò fi tó láti fi sọ bí máṣíìnì ṣe le tó. Ìbú páàdì ń bá a ṣiṣẹ́ pọ̀.

Ibi yìí ni mo ti fẹ́ bẹ àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́. Fáílìǹ máṣíìnì tí àwọn wẹ́dà fi ń gé irin, tí iná sì ń ta lẹ́nu rẹ̀, kì í ṣe máṣíìnì pọ́líìṣì. Ara kan náà ni wọ́n jọ ní lóòótọ́. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Flex yìí gan-an ló gbé fáílìǹ máṣíìnì eléré jáde ní Jámánì lọ́dún 1954, ìrísí rótárì òní sì bá tirẹ̀ mu. Ohun tó wá ń fa wàhálà ni pé tírẹ́ẹ̀dì ẹnu wọn tún jẹ́ ọ̀kan náà. M14 ni ti èyí tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù, 5/8 íǹṣì sì ni ti Amẹ́ríkà, ì báà jẹ́ rótárì, ì báà jẹ́ fáílìǹ. Nítorí náà, páàdì pọ́líìṣì yóò wọ fáílìǹ máṣíìnì wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹnikẹ́ni kò ní rí ohun tó máa kọ̀ fún un. Àmọ́ fáílìǹ kékeré oní-mìlímítà 115 ń yí nígbà 11,000 ní ìṣẹ́jú. Bí páàdì 180 bá wà lórí rẹ̀, eré etí páàdì kọjá mítà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá. Ọ̀dà yóò jó, ìyẹn ṣì kéré. Páàdì lè fọ́n ká, kí pílèètì ẹ̀yìn rẹ̀ já wá sí ojú ẹni tó mú un. Owó tí ẹ rò pé ẹ fi pamọ́ nípa àìra rótárì kò tó owó dókítà ojú.

Ohun kejì tí mo máa ń wò ni ohun tí máṣíìnì ń ṣe nígbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lára. Nínú èyí tó dára, ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń ṣọ́ ìyípo. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ páànù, ó ń fi agbára kún un kí 1,200 lè dúró ní 1,200. Bí ẹ bá gbé e sókè, ó ń dín in kù. Nínú èyí tí kò dára, bọ́tìnnì ìyípo kàn ń dín iná tó ń wọlé kù ni. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ó rẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé e, ó fò sókè. Ọwọ́ oníṣẹ́ kì í balẹ̀ lórí irú rẹ̀, nítorí pé ó ń tẹ̀ ẹ́ kó lè gé, ó sì ń sá fún un nígbà tó bá gba ara rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré yìí náà ló ń jẹ́ kí máṣíìnì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrọra dípò kó fà yọ lọ́wọ́ ẹni lójijì. Bí owó yín bá mọ níwọ̀n tí ẹ ní láti yan ohun kan ṣoṣo, ẹ jọ̀wọ́, èyí ni kí ẹ yàn.

Iná wa ńkọ́? Mótò wọ́ọ̀tì 1,200 ń fa bíi ámpíà 5 lórí fóòtì 230. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ènìyàn ń pè ní "I pass my neighbour" kò lè gbé e, nítorí kò tó kílówọ́ọ̀tì kan. Yóò dún bí ẹni pé ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ fóòtì á já, mótò máṣíìnì á gbóná, ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ ìyípo lè jóná. Jẹnẹrétọ̀ tó ju kílówọ́ọ̀tì 2 lọ ló yẹ kí ẹ ní, kí ó sì jẹ́ èyí tí fóòtì rẹ̀ kì í fò sókè sódò.

Ti tòkúnbọ̀ tún gba àkíyèsí. Máṣíìnì tó ti Amẹ́ríkà dé, fóòtì 120 ló ń lò. DeWalt tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ń fa ámpíà 12 níbẹ̀, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wọ́ọ̀tì 1,440, nítorí náà sítẹ́pù-dáàn kékeré tí a fi ń lo rédíò kò ní bá a dọ́gba. Ẹ wá èyí tó tó kílófóòtì-ámpíà 2 ó kéré tán. Pé iná wọn jẹ́ 60 hẹ́ẹ̀tìsì tí tiwa sì jẹ́ 50 kì í yọ mótò oníkáábọ̀n lẹ́nu. Ti Ìlú Ọba ló máa ń tan ènìyàn jù. Àwọn irinṣẹ́ tí wọ́n ń lò níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé ní Ìlú Ọba, fóòtì 110 ni púpọ̀ nínú wọn, wọ́n sì ń fi pílọ́ọ̀gì róbótó aláwọ̀ ìyeyè sàmì sí i. Ọlọ́jà wa a máa gé pílọ́ọ̀gì yẹn dànù, á fi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lásán rọ́pò, á ní ti Ìlú Ọba ni, pé 230 ni. Ẹ má gba ẹnu rẹ̀ gbọ́. Ẹ ka àkọlé tó wà lára máṣíìnì fúnra rẹ̀.

Oníbátìrì ti wọ́pọ̀ báyìí, Milwaukee àti Makita ń ṣe é, kò sì sí wáyà tí yóò máa wọ́ lórí ọ̀dà. Àmọ́ bátìrì fóòtì 18 tó jẹ́ ámpíà-wákàtí 5, wọ́ọ̀tì-wákàtí 90 péré ló wà nínú rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá ń fa wọ́ọ̀tì 500, kò ní ju ìṣẹ́jú 11 lọ. Fún ilẹ̀kùn kan tàbí bọ́ńpà, ó dára púpọ̀. Fún odindi mọ́tò, bátìrì mẹ́rin-márùn-ún lẹ máa rà. Ti afẹ́fẹ́ tí ń lo kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, kò yẹ kí ẹ dààmú ara yín lé e lórí àyàfi bí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ńlá bá ti wà ní ṣọ́ọ̀bù yín tẹ́lẹ̀.

Ìwúwo kò gba àlàyé púpọ̀. Makita 9227C tó bíi kílò 3, Flex PE 14-2 150 kò tó kílò 2 àti ààbọ̀. Lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìwúwo ń ran yín lọ́wọ́ ni. Lára ilẹ̀kùn, níbi tí ẹ ti ń gbé e dání, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára kí ilẹ̀kùn kejì tó parí, ọwọ́ tó ti rẹ̀ kì í sì í mú páàdì tẹ́jú. Páàdì tí kò tẹ́jú ló ń jó ọ̀dà.

Ohun tó ń kan ọ̀dà gan-an ni páàdì, nítorí náà ẹ má ná gbogbo owó sórí máṣíìnì. Irun àgùntàn ń gé jù, kì í sì í gbóná tó fóòmù, nítorí afẹ́fẹ́ ń gba àárín irun rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n ó máa ń fi ìlà tirẹ̀ sílẹ̀. Fóòmù líle ń gé níwọ̀nba, fóòmù rírọ̀ ló ń parí iṣẹ́. Ẹ ra ju ẹyọ kan lọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí páàdì tó ti mu pọ́líìṣì yó kò ní ṣiṣẹ́ mọ́ títí ẹ ó fi fọ̀ ọ́ tí yóò sì gbẹ. Ẹ sì ra pílèètì ẹ̀yìn kékeré kún un. Fún ìdí òpó àárín fèrèsé, ẹ̀yìn dígí wíwò àti etí bọ́ńpà, páàdì 180 kì í wọlé láì fọwọ́ kan ohun tí kò yẹ kó fọwọ́ kàn.

Bọ́ńpà yìí, ẹ ṣọ́ra fún un. Ike ni, kì í gbé ooru lọ bíi páànù irin, nítorí náà ooru á kóra jọ sójú kan, ọ̀dà á sì yọ́. Etí páànù àti igun náà rí bẹ́ẹ̀: kílíà kì í dúró lórí wọn nígbà tí wọ́n bá ń fín in, ó máa ń tínrín níbẹ̀. Téèpù oníbébà ni ẹ ó fi bò wọ́n. Ọ̀rọ̀ ọ̀dà mọ́tò gan-an ló bí téèpù yìí: Richard Drew ti ilé iṣẹ́ 3M ló ṣe é lọ́dún 1925, lẹ́yìn tó rí ìyà tí ń jẹ àwọn tó ń kun mọ́tò aláwọ̀ méjì nílùú St. Paul ní Amẹ́ríkà. Ó wu mí kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ní ju róòlù kan lọ. Lẹ́yìn téèpù, ìhà páàdì tó ń yí jáde kúrò lórí etí ni kí ẹ jẹ́ kó kàn án, kì í ṣe ìhà tó ń yí wọlé bọ̀ ọ́.

Mọ́tò wa tún ní ìṣòro tí ìwé àwọn aláwọ̀ funfun kì í mẹ́nu bà tó. Tòkúnbọ̀ púpọ̀ ni wọ́n ti tún kùn kí wọ́n tó tà á, ẹni tó rà á á sì tún un kùn nígbà tí wọ́n bá gbá a. Láàárín ilẹ̀kùn kan àti èkejì, ìnípọn ọ̀dà lè yàtọ̀ pátápátá. Bí agbára yín bá gbé e, ẹ ra mítà tí a fi ń wọn ìnípọn ọ̀dà kí ẹ tó ra rótárì olówó ńlá. Ibi tó bá fi máíkírọ́ọ̀nù 500 sókè hàn, ó ṣeé ṣe kí fílà tí wọ́n fi ń dí ojú ibi tó tẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, fílà kì í sì í gbé ooru lọ. Ibi tó bá fi 80 hàn, ẹ fi pọ́líìṣì tó ń gé sílẹ̀, kí ẹ fi wáásì nìkan pa á lára. Lórí bọ́ńpà oníke, mítà yìí kì í sọ nǹkan kan. Ọgbọ́n kan wà tí kò náni lówó: ẹ fi ọwọ́ pọ́líìṣì ibi tó fara sin pẹ̀lú aṣọ funfun. Bí àwọ̀ mọ́tò bá jáde sára aṣọ náà, kò sí kílíà lórí rẹ̀, àwọ̀ gan-an lẹ ń gé.

Àbùkù tó ń ba orúkọ àwọn onírótárì jẹ́ ni àwọn ìlà gbọọrọ tó ń tẹ̀ lé ipa páàdì, tó máa ń tàn bí oòrùn bá bà lé mọ́tò. Lábẹ́ ibòji ṣọ́ọ̀bù kò ní hàn. Òróró inú pọ́líìṣì á sì bò ó, oníbàárà á sanwó, inú rẹ̀ á dùn. Lẹ́yìn ìfọ̀ ẹ̀ẹ̀kejì tàbí ẹ̀ẹ̀kẹta, òróró náà á lọ, àwọn ìlà yẹn á wá yọjú lára mọ́tò dúdú rẹ̀. Èyí dùn mí, nítorí pé ó rọrùn láti yẹra fún. Ẹ fi ọtí isopropyl tí a fi omi là nu páànù, kí ẹ tan iná ọwọ́ sí i kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Bí ìlà bá wà, ẹ fi páàdì rírọ̀ àti pọ́líìṣì ìparí lọ lé e ní ìyípo kékeré, tàbí kí ẹ fi DA parí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí jù ló ń lo méjèèjì báyìí: rótárì láti gé, DA láti parí. Èyí tún fi kún ìdí tí kò fi yẹ kí ẹ kó gbogbo owó lé rótárì kan lórí.

Bí ẹ bá wá dúró níwájú ọlọ́jà, ẹ ní kó fi máṣíìnì síná, kí ẹ yí bọ́tìnnì sí ìsàlẹ̀ pátápátá, kí ẹ sì tẹ páàdì mọ́ nǹkan tó ṣe pẹrẹsẹ. Etí yín ni yóò sọ bóyá ìyípo rẹ̀ já tàbí ó dúró. Ẹ yọ páàdì, kí ẹ di ọ̀pá ẹnu rẹ̀ mú, kí ẹ mì ín sọ́tùn-ún sósì. Bí ó bá ń yẹ̀, béárìnì rẹ̀ ti ń lọ. Ẹ wo inú ihò afẹ́fẹ́ nígbà tó ń yí: iná kékeré lójú káábọ̀n kò burú, èyí tó bá yí mótò po ló burú. Bí òórùn jíjó bá wà, ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ béèrè bóyá ó ní káábọ̀n mìíràn lọ́wọ́, kí ẹ sì ra méjì mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo bóyá tírẹ́ẹ̀dì ẹnu rẹ̀ bá pílèètì tí ẹ ní nílé mu, kó má jẹ́ pé 5/8 lẹ gbé délé tí gbogbo pílèètì yín sì jẹ́ M14.